Ẹ Fún Ilẹ̀ Àgbàlá Yín Létí, Ẹ Má Da Kọnkéré Bò Ó

Àwọn onílé tuntun ní Ìbàdàn ti sọ nǹkan kan di àṣà. Bí wọ́n bá ti kan páànù tán, tí wọ́n kun ilé lọ́dà, tí géètì dúró, iṣẹ́ tó kù lójú wọn ni kí bíríkìlà wá da kọnkéré sí gbogbo àgbàlá, láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ẹni tí owó bá rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á fi íńtálọ́kì tẹ́ ẹ. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé, ìdáhùn kan náà ni ẹ óò gbọ́: "Kó má baà dọ̀tí." Ilẹ̀ ti di ìdọ̀tí lójú wa. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí wọ akínyẹmí ara, torí iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi kọ́ ọmọ ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ ohun tí ilẹ̀ tí kò ju mítà 3 lọ lè ṣe fún ìdílé kan.

Ilẹ̀ tí kò létí ni ilẹ̀ tó ń dọ̀tí. Bí òjò bá rọ̀, á gbọ́n yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sára ògiri, á wọ́ ọ wá sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ á tẹ̀ ẹ́ wọ pálọ̀, ìyá á bú ọmọ, bàbá á pe bíríkìlà. Ṣùgbọ́n bí a bá fún ebè òdòdó tàbí ebè ẹ̀fọ́ ní etí tó dúró dáadáa, yẹ̀pẹ̀ á jókòó síbi tí a fi í sí, omi á ráyè wọlẹ̀, ọmọ á mọ ibi tí ẹsẹ̀ òun ò gbọdọ̀ dé. Ohun tí mo ń bẹ onílé àti ayálégbé láti ṣe ni pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe etí yìí, kí wọ́n fi ohun tó wà nítòsí ṣe é, kí wọ́n sì ṣe é kó lẹ́wà. Mo tẹnu mọ́ ẹwà náà gan-an. Ohun tí kò bá wu ojú, a kì í pẹ́ fi í sílẹ̀ fún èpò.

Ìbàdàn mọ ohun tí omi tí kò ríbi wọlẹ̀ máa ń ṣe. Ẹni tó ti gbọ́njú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 kò lè gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú, ó gba ẹ̀mí tó lé ní 100, ó sì wó afárá lulẹ̀. N kò sọ pé kọnkéré àgbàlá ló fà á. Pàǹtírí inú odò àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi lọ́wọ́ sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 465 níbùú lóròó. Bí òjò ọ̀sán kan bá fi mìlímítà 50 sílẹ̀, tí kì í ṣe nǹkan ìyanu lóṣù kẹfà, omi tó bọ́ sórí púlọ́ọ̀tì yẹn ju lítà 23,000 lọ. Ẹ bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, yóò kún kẹ́ẹ̀gì tó lé ní 900. Bí ilé bá gba ìdajì ilẹ̀, tí kọnkéré gba ìdajì tó kù, gbogbo kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyí á gba abẹ́ géètì jáde, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n sì ń lọ. Ebè tó létí máa ń gba díẹ̀ lára rẹ̀ dúró. Ẹ ronú kan ilé ogójì ní òpópónà kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ebè mẹ́ta, mẹ́rin.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, kí ẹ tó ṣa òkúta kan ṣoṣo jọ, ẹ dúró sẹ́yìn fèrèsé lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá ń rọ̀, kí ẹ wo bí omi ṣe ń rìn nínú àgbàlá yín. Ilé tèmi wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ìhà Mọníyà, omi sì ní ojú ọ̀nà tó fẹ́ràn níbẹ̀. Dábùú ọ̀nà yẹn ni mo ya ebè sí, kì í ṣe lóròó rẹ̀. Etí tó wà lápá ìsàlẹ̀ ga ju ti òkè lọ, torí òun ni yẹ̀pẹ̀ máa ń tì. Mo fi àyè tó tó ìka méjì sílẹ̀ ní igun kan kí omi tó bá pọ̀ jù lè jáde wọ́ọ́rọ́. Ẹ má jẹ́ kí ebè fẹ̀ ju mítà kan lé díẹ̀ lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín rẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà tó gún, èèkàn méjì àti okùn ló máa ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó lọ́, ẹ na rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà sílẹ̀, kí ẹ tò ó bó ṣe wù yín, kí ẹ fi eérú sàmì sí i. Ẹ̀yìn òjò àkọ́rọ̀ ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ilẹ̀ wa kì í gba ọkọ́ nígbà ọyẹ́.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ òtòṣì ni kéèyàn fi ohun tó fọ́ ṣe ilẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ ìgbàanì fi àpáàdì tẹ́ àgbàlá, wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, wọ́n fi tẹ́ ojúbọ. Wọn ò tò ó ní pẹlẹbẹ. Ńṣe ni wọ́n gbé e dúró lórí etí rẹ̀, wọ́n fún un mọ́ra pinpin, ìlà kan dà sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e dà sósì, bí egungun ẹja. Níbòmíràn wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun há àárín wọn, kí funfun àti pupa lè máa dá ara wọn lóhùn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ rẹ̀, torí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun máa kan erùpẹ̀. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Peter Garlake hú Ilẹ̀ Ọbalára ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, irú ilẹ̀ alápàáàdì bẹ́ẹ̀ ló bá lábẹ́. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin àti Togo pẹ̀lú. Ó ti lé ní 600 ọdún tí èyí tó pọ̀ nínú wọn ti wà nílẹ̀. Òjò ò wọ́ ọ lọ, ẹsẹ̀ èèyàn ò sì tẹ̀ ẹ́ run.

Ẹ fiyè sí ọba obìnrin yẹn. Òun náà kò fẹ́ ìdọ̀tí. Ohun tí àwọn onílé wa ń sọ lónìí náà ló sọ. Ṣùgbọ́n ìkòkò tó fọ́ ni àwọn èèyàn rẹ̀ fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ṣe é débi pé àwọn ọ̀mọ̀wé ń ti òkè òkun wá wò ó. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i pé ó tó ko òjò lójú pẹ̀lú.

Bí mo ṣe ń ṣe etí alápàáàdì nìyí. Àpáàdì orù ni mo máa ń wá, torí ara rẹ̀ nípọn ju ti ìṣaasùn lọ. Bí ó bá tóbi jù, mo máa ń fi àpò ìdọ̀họ bò ó, kí n tó fi òòlù lù ú, kí ẹ̀rún rẹ̀ má baà ta síni lójú. Èyí tó bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo ń fẹ́. Mo gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ó fẹ̀ tó íǹṣì 4, ó jìn tó íǹṣì 5, mo sì da iyanrìn tó ga tó íǹṣì kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Igun ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Àpáàdì àkọ́kọ́ ni ọ̀gá gbogbo wọn: bí ó bá wọ́, gbogbo ìlà á wọ́ tẹ̀ lé e, nítorí náà mo máa ń pẹ́ lórí rẹ̀. Mo gbé e dúró, mo kọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gòǹgò sí ìta, kí òòrùn ìrọ̀lẹ́ lè máa bá a ṣeré. Mo fi èkejì tì í, mo fi ẹ̀kẹta tì wọ́n, kí wọ́n máa gbé ara wọn ró. Igi pẹlẹbẹ ni mo fi ń kan orí wọn wọlẹ̀, n kì í lo òòlù irin níbẹ̀. Íǹṣì 2 sí 3 ló máa ń yọ sókè ilẹ̀. Bí ìlà bá ti gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, mo máa ń dìde, mo máa ń rìn sẹ́yìn, mo máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, torí ibẹ̀ ni àlejò ti máa rí i. Tí mo bá ṣe tán, màá ti yẹ̀pẹ̀ pupa sí ìhà méjèèjì, màá bomi rin ín, màá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, màá tún ti yẹ̀pẹ̀ sí i. Òjò ńlá àkọ́kọ́ á mú kí àwọn kan rì díẹ̀. Ẹ fà wọ́n sókè, ẹ ti iyanrìn sí abẹ́ wọn. Ẹ má lo sìmẹ́ńtì. Bí àpáàdì kan bá fọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kàn fẹ́ yọ ọ́, kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ ni, ẹ ò fẹ́ máa fi irin gbẹ́ ẹ jáde.

Ibo la ti ń rí àpáàdì? Ní Ìpetumodù, ní Dàda ní Ìlọrin, ní Ìsàn Èkìtì, níbi gbogbo tí àwọn ìyá wa bá ti ń sun ìkòkò, iná kì í ṣàì fọ́ díẹ̀. Òkìtì àpáàdì wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sun ún. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ra ìkòkò kan tàbí méjì lọ́wọ́ wọn, ẹ sì tọrọ èyí tó fọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ àwọn ìlú wọ̀nyí ronú sí ni pé àpáàdì tí a ti ṣà, tí a ti gé dọ́gba, lè di ọjà tí àwọn amọ̀kòkò á máa tà fún àwọn olódòdó ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Iṣẹ́ ìkòkò ń rọ lẹ́yìn tí ike gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ kò sì fẹ́ kọ́ ọ mọ́. Owó díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń dà nù á wúlò fún àwọn ìyá yẹn gan-an.

Ìgò ni ti èèyàn púpọ̀, mo sì mọ ìdí. Ó pọ̀, kì í jẹrà, ikán ò lè jẹ ẹ́. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní òpópónà wa ni mo rí tó ṣe é dáadáa jù. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń ri ìgò mọ́lẹ̀ yí ebè ewúro àti efinrin rẹ̀ ká.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo, Tíṣà. Ẹ bá mi wò ó láti ibẹ̀ yẹn, ṣé ó gún?"

Ó gún. Ó ti kọ́kọ́ da iyanrìn gbígbẹ kún inú ìgò kọ̀ọ̀kan, ó fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀ pa. Ó da omi díẹ̀ sínú kòtò, ó dorí ìgò kodò, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó ń yí i sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ìgò náà sì ń wọlẹ̀ láìsí wàhálà. Ó ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ tó rì. Mo bi í pé kí nìdí iyanrìn. Ó ní, "Ìgò òfìfo, òòrùn á lá a. Bí ẹnu rẹ̀ bá sì yọ, omi á wọ̀ ọ́, ẹ̀fọn á kó ọmọ rẹ̀ síbẹ̀." Ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ló tò lọ, lẹ́yìn márùn-ún ó fi aláwọ̀ ewé kan sí i, ó tún ń bá a lọ. Àwọ̀ méjì péré. Lójú mi, etí yẹn rẹwà ju íńtálọ́kì gbogbo òpópónà wa lọ.

Kí ẹ lè mọ iye tí ẹ máa kó jọ: ìdí ìgò ọtí tó gba 60 sẹ̀ǹtílítà fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7, nítorí náà 14 ló máa jókòó sí mítà kan. Ebè tó gùn ní mítà 3, tó fẹ̀ ní mítà 1, á gba 112. Ibì kan wà tí n kì í gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìgò sí, ibẹ̀ ni ibi tí àdá ń gbà. Bí koríko bá hù dé ẹsẹ̀ ìgò, ọjọ́ kan ni ẹni tó ń ro ó máa fi àdá bà á, ìgò á fọ́, ọmọ á tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ́ ìlà tó fẹ̀ tó ìwọ̀n ọwọ́ kan sáàárín koríko àti ìgò. Ibi tí àwọn ọmọ bá sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ gbàgbé ìgò pátápátá.

Òkúta ni ti ilé ìwé. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ka ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà yẹn la ti ru òkúta lórí wá láti odò, tí a tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, tí a sì kùn ún ní funfun kí aláyẹ̀wò tó dé. Inú mi ṣì ń dùn bí mo bá rí i. Àmọ́ funfun yẹn ń fẹ́ ìtọ́jú lẹ́yìn gbogbo ìgbà òjò, torí ẹrẹ̀ pupa á ti ta bò ó, mo sì rò pé òkúta tí a kò kùn ló bá ilẹ̀ wa mu jù. Yangí ni mo máa ń lò. Ó pupa, ara rẹ̀ rí pálapàla, omi ń gba inú ihò rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn ọdún kan ohun aláwọ̀ ewé kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í hù sí i lára. Ẹ ri ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan mọ́lẹ̀. Òkúta tí a kàn gbé lé orí ilẹ̀, ewúrẹ́ á taari rẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní fẹ́ gbé yangí wọ àgbàlá wọn nítorí Èṣù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, òkúta gíráńáìtì wà lójú ọ̀nà gbogbo.

Búlọ́ọ̀kù náà dára, pàápàá fún ẹ̀fọ́. Oníhò íǹṣì 9 tí a mọ̀ gùn ní íǹṣì 18, méjìdínlógún á yí ebè mítà 3 sí 1 ká. Ẹ kọ ihò rẹ̀ sókè, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí i, ẹ gbin efinrin tàbí àlùbọ́sà eléwé sínú rẹ̀, etí ebè fúnra rẹ̀ á máa bọ́ ilé. Ti sìmẹ́ńtì tuntun ni n kò fara mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, owó àpò kan kọjá ₦10,000 níbi púpọ̀. Ẹ wá èyí tó ṣẹ́ kù níbi ilé tí wọ́n ń kọ́. Búlọ́ọ̀kù tó ti ṣẹ́ létí dára tó tuntun fún iṣẹ́ yìí, bíríkìlà á sì fún yín bí ẹ bá tọrọ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà mí dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Mo ń rí i ní àwọn àdúgbò àtijọ́ tí wọ́n ti ń tún ilé ṣe: wọ́n á já àjà tàbí òrùlé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ṣe etí ebè. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn gé e, ẹ má fi í síbi tí ọmọ ti ń ṣeré. Ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò náà wà nínú ohun tí mò ń bá wí. Àwọn kan máa ń fi kun ìdí igi àti ọparun kí ikán má baà jẹ ẹ́, wọ́n á wá gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi iná jó ìdí ọparun náà títí yóò fi dúdú, á pẹ́ díẹ̀ sí i. Kò ní pẹ́ títí, ṣùgbọ́n ọparun ò wọ́n.

Táyà ńkọ́? Omi máa ń sùn sínú rẹ̀, ẹ̀fọn sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ bá gé e sí méjì tí ẹ sì lu ìdí rẹ̀ níhò, ó tún dára díẹ̀. Síbẹ̀, táyà pupa, táyà àyìnrín, táyà ofeefee nínú àgbàlá kan náà, ojú mi ò gbà á. Ike aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń kó wọ̀lú, tí a ń ká yí ebè, òòrùn wa ń jẹ ẹ́ ni. Á ṣá, á gan, á ṣẹ́, á di pàǹtírí ojú gọ́tà.

Ní ti ẹwà, ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú. Irú ohun kan ni kí ẹ lò yí ebè kan ká. Bí ìgò bá wà níwájú, tí òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí táìsì tó fọ́ wà lẹ́yìn, ojú ò ní mọ ibi tí yóò sinmi lé. Bí ẹ bá fẹ́ lo táìsì ilé ìwẹ̀ tó fọ́, ẹ fi ibi tó ń dán sí inú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó pupa wà níta, ẹ óò rí i pé ó bá ilẹ̀ mu. Etí gbọ́dọ̀ kúrú ju ohun tí a gbìn lọ. Igun tó lọ́ rọra dára ju igun mẹ́rin lọ bí ebè bá wà ní ìta gbangba, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìlà tó gún ló yẹ é. Àwọ̀ ilẹ̀ wa pupa fòò. Àwọ̀ tó bá a lọ ni àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ewé, funfun, dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn, kó jẹ́ kí òdòdó gbé e wá.

Etí tó ń hù wà pẹ̀lú. Ewé tíì lápá ìsàlẹ̀ ebè lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ máa ń di yẹ̀pẹ̀ mú ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ lọ, ẹ sì ń rí omi gbígbóná mu lára rẹ̀. Ọ̀dúndún kúrú, ó tutù, ó yẹ ebè tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀pẹ òyìnbó ni kí ẹ gbìn bí ọmọ aládùúgbò bá ń gba inú ebè yín kọjá. Pẹ̀rẹ́gún ni àwọn baba wa fi ń sàmì ààlà oko, nítorí kì í tètè kú: ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ kan, ẹ rì í mọ́lẹ̀ lóṣù kẹrin, á rúwé. Ẹyọ kan ní igun ebè kọ̀ọ̀kan, kí òkúta tàbí àpáàdì so wọ́n pọ̀, ó ti tó ohun tí ọba lè fi yangàn.

Àwọn kan á ní ejò àti àkeekèé á kó sábẹ́ rẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀ bí ẹ bá kàn kó òkúta jọ gègèrè. Etí tí a rì mọ́lẹ̀, tí a fún mọ́ra, tí a ń ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò ní ihò tí wọ́n á sá sí. Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ bíríkìlà ni, àwọn ò lè ṣe é. Ẹ má fojú kéré ọwọ́ tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà. Adébísí Àkànjí, tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà sìmẹ́ńtì inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo wá láti ọwọ́ rẹ̀, bíríkìlà ni kó tó bá oníṣẹ́ ọnà Susanne Wenger ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 2005, UNESCO fi igbó náà sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé. Bíríkìlà tó ń da kọnkéré sí àgbàlá yín lónìí lè ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé kí ni òun náà lè ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ yàtọ̀ sí kó bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé ìwé náà ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ jẹ́ kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ebè tirẹ̀, kí wọ́n yan ohun tí wọ́n á fi ṣe etí rẹ̀, kí wọ́n sì máa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi bàtà gba inú rẹ̀ kọjá.

Ó ku àwọn ayálégbé, torí wọ́n pọ̀ nínú ìlú, wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé ilẹ̀ kì í ṣe tàwọn. Ẹ kọ́kọ́ bá onílé sọ ọ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ ò ní lo sìmẹ́ńtì, pé ẹ ò ní gbin igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọ fáúndéṣọ̀n, pé ẹ óò fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á gbà bí ẹ bá fi ewé ewúro díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò ló yẹ yín jù, torí ó ṣeé fà tu. Ìgò 112 tí mo sọ yẹn kò ju kéréètì 10 lọ, ọkọ̀ tó máa kó bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó á gbà á. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ da iyanrìn inú rẹ̀ padà sínú kòtò, ẹ tẹ ilẹ̀ náà dáadáa, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́.